Ilẹ̀ Tí À Ń Tẹ̀ Yìí, Oògùn Ni, Májèlé Ni

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ẹ̀gbẹ́dá

  

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a gbé wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ilẹ̀ títà, èyí tí ó pọ̀ lágbègbè wa láti ìgbà tí Ìbàdàn ti ń gbòòrò bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ ni, tí ọmọ aráyé ń mú jáde láti fi wo àrùn. Ìdí tí a fi gbé e wá sí ìpàdé òṣìṣẹ́ ni pé, láàárín wa níhìn-ín àti nínú ilé wa, àwọn kan ń jẹ amọ̀ àti ẹfun, àwọn kan ń ra kápúsù lọ́wọ́ akiri ní garéèjì, àwọn kan sì ń fi ọwọ́ lásán tú bátìrì mọ́tò. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára tan, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ kan náà ni gbòǹgbò wọn wà.

Àwa ará Ẹ̀gbẹ́dá tilẹ̀ ní ìdí láti mọ̀ nípa ilẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí Smyth àti Montgomery ṣe ìwé lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1962, wọ́n fi orúkọ ìlú wa pe ọ̀kan nínú àwọn oríṣi ilẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Títí di òní, bí onímọ̀ ilẹ̀ bá wí pé "ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá", ilẹ̀ pupa tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀ ni ó ń wí, èyí tí kòkó fẹ́ràn. Orúkọ wa wà nínú ìwé wọn. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ń bẹ nínú ohun tí ń jẹ́ orúkọ wa.

AMỌ̀ ÀTI ẸFUN

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ẹfun kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Amọ̀ funfun ni. Ó wà lórí àtẹ àwọn ìyá tí ń ta ewé àti egbò ní ọjà gbogbo. Àwọn Ìgbò ń pè é ní nzu. Aboyún a máa jẹ ẹ́ nítorí èébì àti itọ́ tí ń kún ẹnu, ẹlòmíràn a máa jẹ ẹ́ nítorí inú rírun. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìwà àìmọ̀ ni kí ènìyàn máa jẹ ilẹ̀.

Ní 1985, àwọn onímọ̀ méjì láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, Donald Vermeer àti Ray Ferrell, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Amọ̀ ìletò Uzalla, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, ni wọ́n yẹ̀ wò. Eko ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n rí i pé ó tó 400 sí 500 tọ́ọ̀nù amọ̀ yìí tí wọ́n ń ṣe jáde lọ́dún kan, tí wọ́n sì ń tà káàkiri ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Nígbà tí wọ́n wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n bá a pé amọ̀ náà jọ amọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ oògùn òyìnbó ń lò nínú Kaopectate, oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí ó lókìkí nígbà náà, tí ènìyàn ń fi owó gidi rà ní ilé oògùn. Amọ̀ kan náà ni. Ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Báwo ni amọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó kúnná púpọ̀. Bí ó bá dé inú ìfun, ó ń fa omi àti àwọn májèlé kan mọ́ra, ó sì ń bo ara ìfun bí ìgbà tí a bá rẹ́ ògiri. Nítorí náà àwọn ìyá wa kò ya wèrè. Wọ́n rí ohun kan, wọ́n sì dì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ohun mẹ́ta kan wà tí ẹni tí ń ta ẹfun kì í sọ.

Èkíní, amọ̀ lè mú ìgbẹ́ ki, ṣùgbọ́n kì í dá omi tí ara ti pàdánù padà. Omi tí ó tán lára yẹn gan-an ló ń pa ọmọdé, òun ló sì ń pa àgbà nígbà onígbáméjì. Àwọn tí ń ṣe Kaopectate fúnra wọn ti yọ amọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là ni omi, iyọ̀ àti ṣúgà. Bí ẹ bá lè rí páálí ORS gbà ní ilé ìwòsàn, òun ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ mú omi mímọ́ lítà 1, ẹ bu ṣúgà síbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì síbí tíì sí i. Ẹ ré orí síbí náà, kí ó má kún ju ẹnu rẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù léwu. Ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ní ilé ìwòsàn, wọn a fún ọmọdé ní oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú ilẹ̀ ni iyọ̀ àti zinc pẹ̀lú ti wá. Ilẹ̀ ṣì ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti ṣà, tí a sì ti wọ̀n.

Èkejì, amọ̀ kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bí ó ṣe ń fa májèlé mọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ló lè fa èròjà irin inú oúnjẹ mọ́ra, kí ara má rí i lò. Aboyún tí ń jẹ ẹfun lójoojúmọ́ lè di ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹni tí ó bá jẹ amọ̀ pọ̀ mọ́ oògùn tí dókítà fún un, amọ̀ lè gba oògùn náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: amọ̀ kì í dá wá. Ohun tí ó bá wà níbi tí a ti wà á ni yóò bá a wá. Ó lè jẹ́ ẹyin aràn. Ó sì lè jẹ́ òjé. Ní oṣù Kejìlá 2009, àjọ tí ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n má jẹ nzu mọ́, nítorí pé wọ́n rí òjé àti arsenic nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa tí ń rà á lọ́hùn-ún. Òjé tí ìyá bá jẹ máa ń dé ara ọmọ inú.

Kánún náà ńkọ́? Òun pẹ̀lú, ọmọ ilẹ̀ ni. Láti etí àwọn adágún omi ilẹ̀ Sàhẹ́lì àti ìhà Chad ni wọ́n ti ń wà á. A ń fi se ewédú àti ẹ̀wà, àwọn kan sì ń pò ó mu fún ikọ́ àti inú kíkún. Sódíọ̀mù, èròjà tí ó wà nínú iyọ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ru, tí dókítà ti ní kí ẹ dín iyọ̀ kù, kánún wà lára ohun tí ó ń wí.

ÀWỌN KÒKÒRÒ ÀÌFOJÚRÍ

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ohun tí ojú ń rí. Nínú ẹ̀kún síbí tíì kan ilẹ̀ oko tó dára, kòkòrò àìfojúrí tí ń bẹ níbẹ̀ lè ju mílíọ̀nù 100 lọ. Oúnjẹ kò tó wọn, àyè kò tó wọn. Wọ́n ń jà bí awakọ̀ ṣe ń du èrò ní Ìwó Road lọ́jọ́ tí ọjà kò yá. Ohun ìjà wọn ni májèlé tí wọ́n ń tú jáde láti pa aládùúgbò wọn. Nínú wọn ni ìdílé kan wà tí ń jẹ́ Streptomyces. Òórùn dídùn tí ilẹ̀ ń rùn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àwọn ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n sì fún ọmọ aráyé ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn oògùn apakòkòrò tí a ń lò.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1943, ní ilé ẹ̀kọ́ Rutgers ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 23 kan, Albert Schatz, rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kan nínú ilẹ̀ oko tí wọ́n ti da ìgbẹ́ ẹran sí. Láti ara rẹ̀ ni streptomycin ti jáde, oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ́gun ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí à ń pè ní TB. Ṣáájú rẹ̀, ibùsùn, oòrùn àti àdúrà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn náà gbójú lé. Nígbà tí ó yá, ní 1957, àwọn ará iléeṣẹ́ Lepetit ní Milan rí òmíràn nínú ilẹ̀ tí wọ́n bù ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni rifampicin ti wá, èyí tí ó wà nínú oògùn TB tí wọ́n ń fún ènìyàn ní Jẹ́ríkò àti ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba lónìí. Òun ló ń mú kí ìtọ̀ aláìsàn pọ́n bí omi ọsàn. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Àmì pé oògùn wọlé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Èrò 14 nínú bọ́ọ̀sì tí wíńdò rẹ̀ wà ní títì, òṣìṣẹ́ 40 nínú gbọ̀ngàn tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé: ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́ràn nìyẹn. Ẹni tí ó bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ 2, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oṣù 6 ni a fi ń lo oògùn náà. Àwọn kan a máa fi í sílẹ̀ ní oṣù kejì, nítorí pé ikọ́ ti dáwọ́ dúró, wọ́n sì ti sanra. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn kòkòrò tó lágbára jù ṣẹ́ kù nínú àyà wọn. Àwọn wọ̀nyí ni yóò pọ̀ sí i, tí yóò sì ran ìyàwó, ọmọ àti ẹni tí ó jókòó tì wọ́n. Oògùn tí ó ń pa àwọn yòókù kò ní lè pa wọ́n mọ́.

Ibẹ̀ la ti dé ọ̀rọ̀ kápúsù garéèjì. Kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí gbogbo yín mọ̀, tetracycline ni, inú ilẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú ti wá. Ilẹ̀ pápá kan ní Missouri, ní Amẹ́ríkà, ló fún wọn ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀, tí ó dé ọjà ní 1948. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún orí fífọ́, kì í ṣe fún ara ríro, kì í sì í ṣe ohun tí à ń tú sórí egbò. Kò yẹ aboyún, kò yẹ ọmọdé, nítorí ó ń ba eyín ọmọ jẹ́. Èyí tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ nínú àwo akiri, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ta ló mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ẹni tí ó bá ra hóró 2 lónìí, tí ó ra 2 lọ́la, kò wo àrùn. Ó ń kọ́ kòkòrò àrùn ní ọgbọ́n ìjà ni.

A kò ní ṣàì mẹ́nu ba ọ̀kan tí ó dùn-ún gbọ́. Lágbègbè pápá ìṣeré gọ́ọ̀fù kan ní Kawana, ní ilẹ̀ Japan, Satoshi Ōmura bu ilẹ̀ díẹ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ William Campbell ní iléeṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà, òun ni wọ́n sì fi ṣe ivermectin, tí a mọ̀ sí Mectizan. Ó ń pa àwọn ọmọ aràn tí ń fọ́ ènìyàn lójú, èyí tí eṣinṣin kékeré etí odò ń gbé kiri. Ní 1987, Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fún àwọn tí àrùn náà ń bá jà. Ní àwọn abúlé Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níhìn-ín, àwọn ará abúlé ló ń yan ọmọ wọn tí yóò máa pín in. Wọn a fi ọ̀pá tí a fàmì sí wọn ìdúró ènìyàn, àmì náà ni yóò sì sọ iye hóró tí yóò lò. Ní 2015, Ōmura àti Campbell wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel.

TA LÓ JẸ ÈRÈ RẸ̀?

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wá, a kò lè sọ ìtàn iṣẹ́ kí a má béèrè owó iṣẹ́. Ẹ padà bá wa dé ọ̀dọ̀ Albert Schatz. Ní yàrá abẹ́ ilé ló ti ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀, Selman Waksman, kò fẹ́ kí kòkòrò TB wọ òkè. Dọ́là 40 ni ó ń gbà lóṣù. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé ẹ̀tọ́ oògùn náà, wọ́n sì jọ fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni Schatz gbọ́ pé owó ń wọlé fún ọ̀gá òun láti ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún òun. Ní 1950, ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n yanjú rẹ̀: wọ́n gbà pé àwọn méjèèjì ló jọ ṣe àwárí náà, Schatz sì gba ìpín 3 nínú 100. Waksman gba 10, wọ́n sì pín 7 fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní yàrá ìwádìí náà. Síbẹ̀, ní 1952, Waksman nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel. Ó di 1994 kí Rutgers tó fún Schatz ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀.

Dókítà Abelardo Aguilar, ọmọ ilẹ̀ Philippines, kò tilẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀. Òun ló bu ilẹ̀ ìlú Iloilo ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Eli Lilly tí ó gbà á síṣẹ́, ní 1949. Erythromycin ló jáde níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ yọ orúkọ Ilotycin tí wọ́n fi tà á lára orúkọ Iloilo. Aguilar kò rí ìpín kankan gbà nínú èrè rẹ̀ títí ó fi kú ní 1993.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò fara sin. Iṣẹ́ tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Bí ó ti rí fún òṣìṣẹ́ ló rí fún ìlú. Àdéhùn Nagoya, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2010, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ní kí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti mú irú ohun abẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ní ìpín nínú èrè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bu ilẹ̀ lágbègbè wa láti fi ṣe ìwádìí, ẹ má lé e, nítorí ìwádìí dára. Ẹ ní kí ó fi ìwé àṣẹ hàn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ó wá sílẹ̀.

ÒJÉ NÍ OLÓDÒ

A fi èyí tí ó sún mọ́ wa jù kẹ́yìn. Ní Ọmílẹ́ńdé, ní Olódò, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá tiwa yìí, wọ́n ti da ẹ̀gbin bátìrì mọ́tò sílẹ̀ rí. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò léraléra, wọ́n sì rí òjé tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú rẹ̀. Ẹ ronú nípa rẹ̀: bí ẹnì kan bá wa amọ̀ irú ibẹ̀, tí ó sá a gbẹ, tí ó gbé e dé ọjà, ojú kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò léwu. Òjé kò ní òórùn. Àwọn àgbà wa mọ amọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìgbà tiwọn kò mọ bátìrì.

Kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́. Ní Zamfara, ní 2010, ó ju 400 ọmọdé lọ tí ó kú nítorí òjé inú ilẹ̀ tí wọ́n wà láti yọ góòlù. Nínú àgbà, òjé ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó ń mú inú run, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀yin tí ń cháàjì bátìrì, ẹ̀yin tí ń tú u, ẹ̀yin tí ń yọ́ òjé rẹ̀, eruku rẹ̀ ń bá yín lọ sílé lára aṣọ, ọmọ tí ó bá sáré wá dì mọ́ yín sì ń fà á símú.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ A ṢE

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má jẹ amọ̀ tàbí ẹfun tí a kò mọ orísun rẹ̀, pàápàá aboyún àti ọmọdé. Aboyún tí èébì ń dà láàmú, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì, oògùn wà fún un. Kí a má ra kápúsù lọ́wọ́ akiri. Kí àwọn olóyè garéèjì bá wa lé wọn kúrò láàárín ọkọ̀. Ẹni tí ó wà lórí oògùn TB, kí ó lò ó tán. Kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ má sì lé e nítorí rẹ̀. Bí ó bá lé e, kí ẹ fi tó ẹgbẹ́ létí lọ́jọ́ náà.

Àwọn tí ń fọwọ́ kan bátìrì, ẹ béèrè ìbọ̀wọ́, ọṣẹ, omi àti aṣọ iṣẹ́ tí kò ní bá yín dé ilé. Ẹ má jẹun níbi iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka wa yóò kọ ìwé sí àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún òjé. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni a ó bẹ̀ wọ́n. Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 mọ àrùn tí iṣẹ́ bá fà, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ jàǹbá, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò NSITF nítorí rẹ̀. A ó sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé lórí ilẹ̀ Ọmílẹ́ńdé.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ilẹ̀ kò bínú sí wa. Ohun tí a bá gbé fún un ni ó ń gbé fún wa padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè, ẹ jókòó dè wá, ìwé orúkọ àwọn tí yóò ṣe àyẹ̀wò wà lórí tábìlì akọ̀wé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.